Kéèkì Ọjọ́ Ìbí Ló Là Mí Lójú: Bí A Ṣe Ń Bójú Tó Oúnjẹ àti Ohun Tí Ara Ọmọ Kọ̀ ní Ilé Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Kì í ṣe yàrá ìjẹun ló ti ṣẹlẹ̀. Inú kíláàsì mi ni, aago 11 kọjá díẹ̀, lọ́jọ́ tí ọmọ kan ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ìyá rẹ̀ fi kéèkì ránṣẹ́, mo gé e, mo pín in. Ọmọbìnrin kan jẹ tirẹ̀ tán, ó wá bá mi nídìí tábìlì, ó ní, "Àǹtí, ó dà bíi pé irun wà lórí ahọ́n mi." Mo ní kó lọ mu omi. Ó mu ún, ó padà dé, ó ń họ ọrùn. Kó tó pé ìṣẹ́jú 10, ètè rẹ̀ ti wú bí ìgbà tí agbọ́n ta á, ó sì ń wúkọ́ láìdúró. Ẹ̀pà lílọ̀ ló wà láàárín kéèkì yẹn. Ó wà nínú fáìlì ọ́fíìsì pé ara ọmọ yìí kọ ẹ̀pà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún èmi tí mo mú ọ̀bẹ dání.

Ọmọ náà yè. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilé ìwé wa lé mi lọ́wọ́, bí mo sì ṣe ń ṣe é nìyí.

Kí ilé ìwé tó wọlé, ẹ pe òbí kọ̀ọ̀kan tó bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé nǹkan kan wà tí ọmọ òun kì í jẹ. Ẹ má kàn bi í pé, "Kí ni kì í jẹ?" Ẹ bi í pé: nígbà tó jẹ ẹ́ kẹ́yìn, kí ló ṣe é? Báwo ló ṣe pẹ́ tó kó tó bẹ̀rẹ̀? Kí lọmọ fúnra rẹ̀ sọ? Ìdáhùn yẹn lẹ ó fi mọ̀ bóyá inú ọmọ ni kò gba nǹkan náà, tàbí ara rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Ọmọ tí inú rẹ̀ kò gba mílíìkì, inú á kàn run ún ni, á máa sá lọ sí ilé ìgbẹ́. Ọmọ tí ara rẹ̀ kọ mílíìkì, ṣíbí tí wọ́n fi ro tẹlòmíì lè gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹ gba ìwé dókítà, kí orúkọ oògùn àti ìgbà tí wọ́n máa lò ó wà níbẹ̀.

Mílíìkì, ẹyin, ẹ̀pà, kaṣú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àlìkámà, sóyà, ẹja, edé àti akàn, àti yánmọtí ló máa ń fa èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí òbí bá dárúkọ èso tí ẹ ò gbọ́ rí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ìwé yẹn kò gbọdọ̀ sùn sí ọ́fíìsì. Olùkọ́ kíláàsì, alásè, olùkọ́ eré ìdárayá, awakọ̀, àti olùkọ́ tó ń gba iṣẹ́ ẹlòmíì ṣe fún ọjọ́ kan péré, kí gbogbo wọn rí i pẹ̀lú fọ́tò ọmọ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, nínú, ni mo máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Mi ò fẹ́ ara ògiri gbangba, torí ọmọ kì í ṣe ìkìlọ̀ tí à ń kọ́ sára ògiri.

Ní ilé ìdáná, ohun tó ń tan àwọn alásè jẹ ni iná. Iná ń pa kòkòrò, àmọ́ kì í pa ohun tó wà nínú ẹ̀pà tí ara ọmọ ń bá jà. Òróró tí wọ́n fi dín ẹja, tí wọ́n tún wá da ànàmọ́ sí, ti di òróró ẹja. Nítorí náà, oúnjẹ ọmọ yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ sè, kí wọ́n kọ́kọ́ bù, pẹ̀lú ṣíbí àti pátákó ìgé-nǹkan tó mọ́, kí wọ́n dé e, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Bí ẹ̀pà bá já sínú oúnjẹ rẹ̀, kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù. Ṣíṣa ẹ̀pà kúrò kò ràn án. Kí wọ́n sì ka ara páálí ní gbogbo ìgbà tí ọjà tuntun bá dé. Àwọn tó ń ṣe bisikíìtì lè yí èròjà padà láìyí àwọ̀ páálí.

Ọṣẹ àti omi ni kí àwọn ọmọ fi fọwọ́, kí wọ́n tó jẹun àti lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ tán. Jẹ́ẹ̀lì apakòkòrò kò lè ṣí ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́. Ó kàn ń tẹ́ ẹ ni.

Wàyí o, ibi tó ti ń bà jẹ́ gan-an: ìgbà tí oúnjẹ kò sí nínú ètò. Súwíìtì tí olùkọ́ fi ń yin ọmọ tó gba máàkì. Páálí ẹyin tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà. Amọ̀ ìṣeré tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àlìkámà pò. Ìrìn àjò. Ọjọ́ ìbí, ẹ ti gbọ́ tèmi. Ní ti èmi o, mo ti fòpin sí oúnjẹ ọjọ́ ìbí: ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí á dé fìlà tí a fi bébà ṣe, á yan eré tí a máa ṣe. Bàbá ọmọ kan bínú sí mi gan-an. Ọmọ rẹ̀ kò bínú.

Ẹ má fi ọmọ náà sí tábìlì òun nìkan o. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí oúnjẹ wọn kò léwu jókòó tì í. Pàṣípààrọ̀ oúnjẹ, rárá, fún gbogbo kíláàsì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ẹ̀pà lé e kiri bí eré, ẹ má pè é ní eré.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ gba ọmọ gbọ́. Wọn kì í mọ ọ̀rọ̀ ńlá. Wọ́n á ní "ẹnu mi ń ta," "nǹkan há mi lọ́fun," "ẹ̀rù ń bà mí." Bí ara bá ń lé kókó, tó ń bì léraléra, tí ohùn há, tí àyà ń súfèé tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ bíi pé kó ṣubú, abẹ́rẹ́ adrenaline (oògùn pàjáwìrì fún ọmọ tí ara rẹ̀ kọ oúnjẹ) tó rí bíi gègé ló kàn. Ẹ gún un sí ẹ̀gbẹ́ itan lóde, lórí aṣọ náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fún iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà lára rẹ̀ (ẹ kà á lónìí, kì í ṣe lọ́jọ́ náà). Ẹ pe áńbúláǹsì. Ẹ kọ aago sílẹ̀. Ẹ tẹ́ ọmọ náà gbalaja, kí ẹsẹ̀ ga díẹ̀. Bí èémí bá le fún un, kó jókòó. Kò gbọ́dọ̀ dìde rìn lọ bá nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ni kó wá. Bí kò bá sàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, èkejì. Oògùn ìyúnra kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́ yìí, kódà bí ara bá ti balẹ̀, kó dé ilé ìwòsàn, torí ó lè padà wá lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Ẹ má ti abẹ́rẹ́ náà mọ́nú dúrọ́ọ̀, ẹ má gbé e sínú fìríìjì, ẹ má jẹ́ kí oòrùn pa á. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí a bá wò ó náà la máa ń fi gègé ìdánrawò, èyí tí kò ní abẹ́rẹ́ nínú, dánra wò. Mo dúró sí igun pápá tó jìnnà jù, mo pariwo, ẹnì kan sáré lọ mú un wá. Lákọ̀ọ́kọ́, ìṣẹ́jú 4 ló gbà, torí ẹni tó ń sáré kò mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. A yọ kọ́kọ́rọ́, a gbé àpótí náà sí ẹnu ọ̀nà tó jáde sí pápá. Báyìí, kò tó ìṣẹ́jú 1.