Àlejò ń bọ̀ wá wo Disney: ètò tí onílé ní Orlando gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹni tó bá ń gbé ní Orlando tàbí Kissimmee kì í wá àlejò tì. Bí ìsinmi ilé-ìwé bá ti ń sún mọ́, ọ̀rẹ́ kan á pè láti Houston, láti London tàbí láti Ìbàdàn pé òun àtàwọn ọmọ òun fẹ́ wá wo Disney. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni pé Disney kì í ṣe ọgbà kan ṣoṣo. Mẹ́rin ni, Magic Kingdom (1971), EPCOT (1982), Hollywood Studios (1989) àti Animal Kingdom (1998), ọkọ̀ ló sì ń gbéni láti ọ̀kan lọ sí òmíràn. Ti Universal, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ní ọgbà tirẹ̀, tún dá dúró lápá ibòmíràn, wọ́n sì ti fi ọgbà Epic Universe kún un ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Ọjọ́ mẹ́rin kò lè kárí gbogbo rẹ̀. Onílé ló gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún àlejò kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. (Bí àgbàlagbà bá wà lára wọn, ẹ má kàn sọ pé ẹ ń lọ sí páàkì. Ọkàn wọn á lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò.)

Ètò tó dára jù ni kí ẹ lọ sí ọgbà lónìí, kí ẹ sinmi lọ́la. Ẹni tó wọ Magic Kingdom láàárọ̀ tó jáde lálẹ́ lè rin tó kìlómítà mẹ́wàá láìmọ̀, lórí ilẹ̀ líle, nínú oòrùn. Bó bá tún jí lọ sí EPCOT lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ á máa sunkún, àwọn àgbà á máa bára wọn jiyàn lórí ohun tí kò tó nǹkan, ẹ ó sì kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó jẹ owó yín tán. Tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ fàyè gba ìsinmi: ti ọjọ́ méjì ṣeé lò láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ti ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọjọ́ márùn-ún, ti ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọjọ́ méje, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ yàn nígbà tí ẹ ń rà á. Èyí tí ẹ kò bá lò kí gbèdéke yẹn tó pé ti wọgbó nìyẹn.

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní, tí ọmọ kékeré sì wà níbẹ̀, Magic Kingdom ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré tó ń já lulẹ̀ á gbádùn Hollywood Studios jù. EPCOT wà fún àwọn àgbà tó fẹ́ rìn jẹ̀lẹ́ńkẹ́, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n mu. Animal Kingdom ni kí ẹ mú àwọn ìyá àti bàbá lọ, àmọ́ ẹ tètè débẹ̀, torí kí oòrùn tó mú ni àwọn ẹranko máa ń jáde. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á ti lọ sùn sábẹ́ igi.

Owó

Ojú máa ń ti onílé láti dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àlejò náà á máa rò pé ẹni tó ń gbé ìtòsí ní ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó wọ bàálù: ta ni yóò san tíkẹ́ẹ̀tì, ta ni yóò san owó ìgbọ́kọ̀sí, ta ni yóò gbọ́ oúnjẹ. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ní Magic Kingdom kì í wálẹ̀ dé $100, nígbà Kérésì ó lè tó nǹkan bí $200. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò san nǹkan kan. Láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́sàn-án, owó ọmọdé ni, ó sì fi díẹ̀ péré dín sí ti àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, àgbà ni lójú wọn. Ẹni mẹ́rin lè ná ju $500 lọ lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni tó mu omi.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń gbà pàdánù owó. Èkíní, onílé á lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà fún àwọn ará Florida, á rà á fún àlejò. Wọ́n á béèrè ìwé ìwakọ̀ Florida tàbí ẹ̀rí ibùgbé mìíràn lọ́wọ́ àgbà kọ̀ọ̀kan. Èkejì, wọ́n á lo tíkẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn tó ṣẹ́ kù ní ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìka ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti wà nínú ẹ̀rọ, kò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹta ni àwọn ìsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà US-192 tó ń polówó tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ kí ẹ wá jókòó fún wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì, kí wọ́n fi ilé ìsinmi alájọni lọ̀ yín. Àárọ̀ kan nínú ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin ti lọ nìyẹn, ẹni tí ẹnu bá sì rọ̀ lè fọwọ́ sí ìwé gbèsè.

Owó ìgbọ́kọ̀sí ní ọgbà Disney kò dín ní $30 lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó sì san án bí ẹ bá tilẹ̀ lọ sí ọgbà méjì lọ́jọ́ yẹn. Onílé tó bá ní káàdì ọlọ́dọọdún kò san án rárá. Nítorí náà, ọkọ̀ rẹ̀ ni kí gbogbo yín wọ̀, kò yẹ kí àlejò máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọkọ̀ tó háyà.

Láti pápákọ̀ òfurufú

Àlejò tó bá gba Atlanta tàbí New York wọlé ti parí ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà níbẹ̀. Bí èrò abẹ́lé ni yóò ṣe jáde ní Orlando. Ibi tó bá ti jáde ni kó sọ fún yín, A, B tàbí C, nítorí ilé C dá dúró lọ́tọ̀, ó jìnnà sí àwọn yòókù. Ẹ má ṣe máa yí po lẹ́nu ọ̀nà. Ibi ìdúró ọ̀fẹ́ kan wà fún ẹni tó wá gbé èrò. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀ níbẹ̀ títí wọn yóò fi pè pé ẹrù ti bọ́ sí àwọn lọ́wọ́.

Òfin Florida ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà jókòó sórí àga ọmọdé nínú ọkọ̀. Ẹ yá ọ̀kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó bá háyà ọkọ̀, kó gba káàdì tóò-géètì ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún àlejò ní pápákọ̀ náà, kó gbé e kọ́ sára dígí. Ọ̀nà 417, 528 àti 429 ń gba owó, ọ̀pọ̀ ibi ni kò sì sí ẹni tó ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹni tí kò bá ní káàdì, ilé-iṣẹ́ tó yá a lọ́kọ̀ á san án, wọ́n á sì fi owó iṣẹ́ tiwọn lé e.

Ọjọ́ ọgbà

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Agogo méje àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń ṣí ìlà kíákíá tí à ń sanwó fún, Lightning Lane, sílẹ̀ lórí áàpù My Disney Experience fún ẹni tí kò sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì wọn. Àwọn tó sùn síbẹ̀ ti ní ọjọ́ méje ṣáájú, nítorí náà èyí tó dùn jù lè ti tán. Iye rẹ̀ ń yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ní Magic Kingdom nígbà ọdún, ó tó owó tí wọ́n ń gbà. Ní Animal Kingdom lọ́jọ́ lásán, ẹ tètè jí, kí ẹ fi owó yẹn jẹun. Tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo yín gbọ́dọ̀ ti wà lórí áàpù kan náà kí ẹ tó sùn.

Ẹ fi tépù wọn gíga ọmọ nílé, pẹ̀lú bàtà tó máa wọ̀. Lára àwọn eré Magic Kingdom, Seven Dwarfs Mine Train gba ínǹṣì 38 sókè, Space Mountain 44, TRON 48. Ọmọ tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn tó ti tò fún wákàtí kan, ariwo rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Bí òbí méjèèjì bá fẹ́ gun ohun tí ọmọ kò lè gùn, kí wọ́n sọ fún òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó tò: ọ̀kan á dúró ti ọmọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ gùn á wá gba ọmọ, èkejì á sì wọlé láìtò ìlà gígùn mọ́.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí Magic Kingdom kò sí lẹ́nu ọgbà rárá. Adágún omi ló wà láàárín. Ẹ ó gbé ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n á yẹ àpò yín wò, ẹ ó wá wọ mónórélì tàbí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ ka ìṣẹ́jú 45 sí i. Bí wọ́n bá ń ṣí ní agogo mẹ́sàn-án, kí ọkọ̀ yín ti dúró kí agogo mẹ́jọ tó lù. Kí ẹ tó kúrò nídìí ọkọ̀, ẹ fi fóònù ya àmì ibi tó wà, pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà. Lálẹ́, gbogbo ọkọ̀ funfun jọra.

Disney gbà kí ẹ gbé oúnjẹ wọlé. Kúlà kò gbọ́dọ̀ ju ínǹṣì 24 sí 15 sí 18 lọ, kò gbọ́dọ̀ sí ìgò onídígí tàbí ọtí, wọn kò sì fẹ́ yìnyín wẹ́wẹ́. Àpò yìnyín tó ṣeé dì padà ni kí ẹ lò. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kì í dùn ní tútù, ẹ kò sì ní ríbi gbé e kaná. Mọ́ínmọ́ín, búrẹ́dì àti ẹyin, ìpékeré, ẹ̀pà àti ṣinṣín ló yẹ ọgbà. Tí oòrùn bá ju 32°C lọ, oúnjẹ tó lè bàjẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ níta kúlà. Ẹ má ra omi: ibikíbi tí wọ́n bá ń ta oúnjẹ tí ẹ̀rọ mínírà wà, ẹ ní kí wọ́n bu omi tútù fún yín, ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá tí orúnkún ń dùn nílò kẹ̀kẹ́ ìjókòó, wọ́n ń yá a lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ìyá wa kì í fẹ́ gbọ́ ọ, wọ́n á ní àwọn kì í ṣe arọ. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ yá a, kí ẹ ní ẹrù ni ẹ fẹ́ fi kó. Kó tó di agogo mọ́kànlá, Màmá á ti jókòó fúnra wọn.

Agogo kan ọ̀sán, ẹ máa lọ sílé. Bí ilé bá wà ní ogún ìṣẹ́jú sí ọgbà, àǹfààní tí ẹ ní lórí gbogbo arìnrìn-àjò nìyẹn: ẹ wẹ̀, ẹ sùn, kí ẹ padà ní agogo márùn-ún. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, òjò àti àrá sábà máa ń dé lọ́sàn-án, bí mànàmáná bá sì sún mọ́, wọ́n á ti àwọn eré ìta pa. Ẹni tí kò lè lọ sílé, kó ra aṣọ òjò lọ́jà ṣáájú, torí ó wọ́n nínú ọgbà. Kó má sì sá: ọ̀pọ̀ èrò á lọ, ìlà á sì kúrú tí òjò bá dá.

Tí iná aláràbarà ojú ọ̀run bá parí, gbogbo èrò á ya sẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jókòó níbi tí ẹ wà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ wo àwọn ìsọ̀. Ẹni tó sáré jáde àti ẹni tó dúró, wọ́n jọ máa ń dé ìdí ọkọ̀ ni, àmọ́ ẹni tó dúró kò fi ìdúró jìyà.

Ọjọ́ ìsinmi

Disney Springs kò gba owó ìwọlé, kò gba ti ọkọ̀, ọjà àti ilé oúnjẹ ló kúnbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé lálẹ́, ibi ìgbọ́kọ̀sí á kún. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ló dùn. Lake Eola láàárín ìlú ní ọjà lọ́jọ́ Àìkú, ẹ sì lè fẹsẹ̀ yí adágún náà ká. Ọkọ̀ ojú irin SunRail kì í ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ yín ni. Animal Kingdom Lodge, hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ ti lè rí àgùnfọn láti ìta, ní ìbòjú Ijele ńlá ti àwọn Igbo nínú gbàgede rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gba àyè níbi oúnjẹ wọn ṣáájú, torí ẹ̀ṣọ́ lè dá yín padà lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀.

Ohun tó tutù jù, tí kò sì wọ́n, ni Wekiwa Springs: omi tó ń sun láti ilẹ̀, 72°F (22°C) yípo ọdún, $6 fún ọkọ̀ kan tó kó ẹni méjì sí mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ̀ ọ́n, torí náà tí ibẹ̀ bá kún wọ́n á ti géètì. Lópin ọ̀sẹ̀ ìgbà ooru, ẹ ti wà lẹ́nu géètì kí wọ́n tó ṣí i ní agogo mẹ́jọ. Ní ìgbà òtútù, Blue Spring ni kí ẹ lọ, àwọn mánátì, ẹranko ńlá inú omi, á ti kóra jọ sínú omi náà.

Ohun kan wà tí kò ṣeé fi ṣeré. Adágún kékeré ẹ̀yìn ilé ní Florida lè ní ọ̀nì. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ àlejò lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, kí wọ́n tó sáré lọ ju òkúta sómi.

Fún àdúgbò tó ní géètì, ẹ fi orúkọ àlejò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́, kí ẹ sì ka òfin nípa ọkọ̀ tó bá sùn sójú pópó. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ló ń wọ́ ọkọ̀ lọ lóru. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń padà, ẹ má fọkàn tán ọ̀nà márosẹ̀ I-4. Láti ilé dé pápákọ̀, ọ̀nà tóò-géètì 417 ni kí ẹ gbà, kí wọ́n sì ti kúrò nílé ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú bàálù, pàápàá tí wọ́n bá ní ọkọ̀ tí wọ́n máa dá padà.