Fóònù ẹ kọ̀, kò ṣiṣẹ́ lókè òkun? Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù àti ìdáhùn wọn

London ni mò ń gbé. Nínú ẹbí wa, èmi ni wọ́n máa ń gbé fóònù lé lọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ti Nàìjíríà dé, nígbà míì wọn ò tíì bọ́ bàtà pàápàá. Látorí ẹbí ó ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti di ti ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́. Ìbéèrè kan náà ni lọ́dọọdún, ni mo bá ní kí n kúkú kó wọn jọ síbí. Ẹ má yọ síìmù Nàìjíríà yín jù sí ìsàlẹ̀ báàgì o, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá kà á débẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ sí Heathrow ni, wáífáì éápọ́ọ̀tù ni mo fi ń kọ èyí sí yín. "No Service" ni fóònù mi ń kọ. Mo sì ra kírẹ́díìtì sórí ẹ̀ kí n tó kúrò n'Íkẹjà o. Kí ló ṣe é?

Ìdáhùn: Káàbọ̀, àbúrò. Ṣé o ti yọ ọ́ kúrò lórí airplane mode? Má bínú, mo gbọ́dọ̀ bèèrè ni, ó ti ju ẹni mẹ́ta lọ tó ti fi ìyẹn dá mi dúró. Tó o bá ti yọ ọ́, pa fóònù yẹn, tún un tàn. Tí kò bá ṣì gbé nǹkan kan, wọ Settings, wá ibi tí wọ́n kọ Mobile Network sí, yọ "Automatic" kúrò kó o jẹ́ kó wá gbogbo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó wà nítòsí. Ó lè tó ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta kó tó kó wọn jáde, wàá rí EE, Vodafone, O2 àti Three. Dán wọn wò níkọ̀ọ̀kan, torí kì í ṣe gbogbo wọn ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tìẹ bá ní àdéhùn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé tí síìmù Nàìjíríà bá débí, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ibí á ránṣẹ́ sí ti Nàìjíríà pé àlejò kan dé o, ó lọ́mọ yín lòun, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé ẹ máa sanwó ẹ̀ fún wa? Táwọn yẹn bá ní àwọn ò tíì ṣí roaming, ìyẹn àyè láti lo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilẹ̀ míì, fún un, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, o lè tẹ fóònù yẹn títí tí ìka ẹ á fi bó. Kírẹ́díìtì nìkan ò tó. Ilé ló yẹ kó o ti ṣí i. Ṣùgbọ́n o ti dé báyìí, fi wáífáì tó o ní yẹn wọ áàpù nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ẹ, kó o kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n ṣí roaming fún ẹ. Tí wọ́n bá ti ní àwọn ti ṣe é, tún fóònù pa kó o tún un tàn.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Manchester ni mo wà, ọmọ mi obìnrin bímọ, mo wá bá a wẹ ọmọ. Mo fẹ́ fowó ránṣẹ́ sẹ́ni tó ń bá mi mójú tó ilé láti inú báńkì mi ní Nàìjíríà, wọ́n ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́, mi ò rí kóòdù kankan. Síìmù òyìnbó tí wọ́n rà fún mi ló wà nínú fóònù.

Ìdáhùn: Mọ́mì, ẹ kú ewu ọmọ o mà. Níbo ni síìmù Nàìjíríà yín wà báyìí? Ó dá mi lójú pé ẹ ti fi bébà wé e, ẹ sì ti kó o sínú pọ́ọ̀sì. Orí síìmù yẹn ni kóòdù náà ń lọ mà. Báńkì ò mọ̀ pé ẹ ti wọ bàálù, nọ́ńbà tó wà lórí àkáǹtì yín nìkan ló mọ̀.

Ẹ ní kí ọmọ yín wo ẹ̀gbẹ́ fóònù yẹn bóyá ó ń gba síìmù méjì, ọ̀pọ̀ fóònù tá à ń lò nílé ló ń gbà á. Tó bá gbà á, kó fi ti Nàìjíríà sí ojú kejì, kó wá lọ sínú Settings kó mú ti òyìnbó fún dátà àti fún ìpè. Ti Nàìjíríà, kó kàn jókòó síbẹ̀ kó máa gba mẹ́séèjì, kí wọ́n sì pa Data Roaming ẹ̀ pátápátá. Roaming tí mo ṣàlàyé fún àbúrò yẹn lókè gbọ́dọ̀ ti wà ní ṣíṣí o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ síìmù náà á kàn máa wò yín ni. Lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í gbowó tí mẹ́séèjì bá wọlé síbí, ìpè tẹ́ ẹ bá gbé ni wọ́n ń gbowó ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé e náà ni wọ́n á sì yọ ọ́ lọ́wọ́ yín. Torí náà tí ẹ̀gbọ́n yín bá pè yín látilé, ẹ má gbé e mà, ẹ jẹ́ kó dún tán, kẹ́ ẹ wá fi WhatsApp pè wọ́n padà.

Tí fóònù yẹn bá jẹ́ olójú kan, ẹ wá fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì kan, kẹ́ ẹ kó síìmù Nàìjíríà sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Britain torí 2G, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àtijọ́ tí irú fóònù bẹ́ẹ̀ ń lò, ṣì wà níbí. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ni mi ò ní sọ pé kí wọ́n dán èyí wò.

Nǹkan mẹ́ta péré ló kù. Àkọ́kọ́, ẹ má máa tẹ "resend" léraléra, ti tuntun ló máa ń pa ti àtijọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ dúró. Ìkejì, ẹ wo íméèlì yín, báńkì míì máa ń fi kóòdù yẹn síbẹ̀ náà, tàbí kí wọ́n ní token, ìyẹn kóòdù tí áàpù ń ṣe jáde fúnra ẹ̀, nínú áàpù wọn, ìyẹn ò sì nílò síìmù rárá, mo fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ìkẹta, àwọn kóòdù oníràwọ̀ tẹ́ ẹ fi ń fowó ránṣẹ́ nílé, ẹ gbàgbé ẹ̀ mà, kì í sábà ṣiṣẹ́ lókè òkun. Tí ẹnikẹ́ni bá sì pè yín pé báńkì lòun ti ń pè, kẹ́ ẹ ka kóòdù tó wọlé fún òun, ẹ gbé fóònù sílẹ̀.

Ìbéèrè: Bọ̀ọ̀dá, mo ra kírẹ́díìtì ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, mi ò pe ẹnì kankan, kí n tó jáde ní éápọ́ọ̀tù ó ti tán. Ta ló jẹ ẹ́?

Ìdáhùn: Fóònù ẹ ló jẹ ẹ́. Tó bá ṣe pé o tan Data Roaming láì ra dátà roaming sí i, orí kírẹ́díìtì gan-an ni wọ́n ń gé e, wọ́n sì ń gé e bí ẹní ń gé iṣu. O ò tẹ nǹkan kan lóòótọ́, àmọ́ WhatsApp ń ṣe backup, Google Photos ń kó fọ́tò lọ sókè, àwọn áàpù ń ṣe update, ẹnì kan sì fi fídíò "Ẹ káàárọ̀, ẹ kú ọjọ́ Ajé" ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí. Èmi náà ti rí i rí, lórí ìlà àwọn tó ń yẹ pásípọ́ọ̀tù wò ni tèmi ti tán, mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó máa tẹ̀ ẹ́ pàápàá.

Pa Data Roaming báyìí. Tó o bá fẹ́ lò ó dandan, ra èyí tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ẹ ń tà fún roaming, kó o sì má bínú tó bá ń fà, dátà roaming sábà máa ń kọ́kọ́ gba Nàìjíríà lọ kó tó jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwọ wà ní Peckham, dátà ẹ ń lọ Èkó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ iPhone lò ń lò, iMessage náà máa ń fi mẹ́séèjì kan ránṣẹ́ sókè òkun lábẹ́lẹ̀ láti fi mọ nọ́ńbà ẹ, ìyẹn náà ń jẹ owó díẹ̀. Voicemail náà ń kó bá èèyàn: ìpè tó o ò gbé lè débí ná, kó tún padà lọ sílé lọ wá voicemail, kí wọ́n sì gbowó àlọ àti àbọ̀. Tẹ ##002# kó o tó kúrò nílé, á fagi lé gbogbo dídarí ìpè.

Ìbéèrè: Tòkunbọ̀ ni iPhone mi, Computer Village ni mo ti rà á, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nílé. Mo fi síìmù Britain sí i, ó ní "SIM Not Supported". Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n.

Ìdáhùn: Fa síìmù Nàìjíríà yẹn jáde kó o wo abẹ́ ẹ̀. Ṣé o ò rí nǹkan pẹlẹbẹ kan tó lẹ̀ mọ́ ọn bí awọ àlùbọ́sà? Tó o bá rí i, fóònù ẹ wà ní títì mọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan, Amẹ́ríkà ló sábà máa ń jẹ́, ẹni tó tà á fún ẹ kàn fi ṣíìpù yẹn tan fóònù jẹ ni. Wọ Settings, General, About, wo Carrier Lock. Tó bá kọ "No SIM restrictions", kò sí wàhálà. Tó bá kọ nǹkan míì, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó tì í nìkan ló lè ṣí i, má lọ kówó fún ẹnikẹ́ni ní òpópónà. Má sì ṣe reset, ṣíìpù yẹn lè kọ̀ jálẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Láti December 2021 wọn ò gbà kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní Britain máa ta fóònù tó wà ní títì mọ́, tó o bá ra tuntun kan tí kò wọ́n níbí, ọkàn ẹ á balẹ̀.

Ti àǹtí mi kan tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ wọn ra iPhone 14 ránṣẹ́ sí wọn láti Amẹ́ríkà, wọ́n dé London, a wá ojú síìmù títí, a ò rí i. Kò ní in lóòótọ́, láti 14 ni Apple ti yọ ojú síìmù kúrò lára èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, eSIM nìkan ló ń gbà, ìyẹn síìmù tó ti wà nínú fóònù fúnra ẹ̀, tí kò ní káàdì. Tẹ *#06#, tó bá kọ EID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ eSIM) fún ẹ, fóònù ẹ ń gba eSIM. Ṣùgbọ́n orí íméèlì ni QR code tí wọ́n fi ń gbé eSIM wọlé sábà máa ń wọlé sí, fóònù ò sì lè ya ojú ara ẹ̀ ní fọ́tò, torí náà fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹlòmíì kó o tó jókòó tì í.

Ìbéèrè: Mo yí síìmù padà, WhatsApp ń bi mí bóyá mo fẹ́ yí nọ́ńbà mi. Kí n tẹ yes?

Ìdáhùn: Rárá o. Nọ́ńbà Nàìjíríà ẹ lè máa bá WhatsApp lọ bí síìmù ẹ̀ ò tiẹ̀ sí nínú fóònù. Ẹni tó bá pa WhatsApp ẹ̀ rẹ́ tó sì fẹ́ gbé e wọlé padà nìkan ló máa nílò síìmù yẹn fún kóòdù, nítorí náà má pa á rẹ́. Kó o sì ti fi PIN two-step, nọ́ńbà àṣírí tí WhatsApp fúnra ẹ̀ máa ń bèèrè, sí i nílé.

Ìbéèrè: Badagry ni mo wà, mi ò tíì kọjá bodè Sèmè, fóònù ti ń kí mi káàbọ̀ sí Bẹ̀nẹ̀!

Ìdáhùn: Másìtì ò mọ bodè. Èyí tó bá lágbára jù lágbègbè ẹ ni fóònù máa ń gbá mú, tí Nàìjíríà bá ti ń rẹ̀ níbẹ̀ á fò sódì kejì, wọ́n á sì ka owó roaming sí ẹ lọ́rùn nínú ilé bàbá ẹ. Fọwọ́ ara ẹ yan nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Nàìjíríà, yọ ọ́ kúrò ní Automatic, kó o pa Data Roaming. Tó o bá wá kọjá sí Kútọnu tí nọ́ńbà àwọn oníbàárà ẹ ò lọ, kì í ṣe fóònù ẹ ló bà jẹ́. Láti 30 November 2024 ni nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ ti di mẹ́wàá, fi 01 síwájú mẹ́jọ tó o ní tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn +229.

Ìbéèrè: Houston ni mo wà. Dátà ń lọ, ìpè ò lọ.

Ìdáhùn: Ní 2022 ni àwọn nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ńlá Amẹ́ríkà pa 3G, VoLTE, ìyẹn ìpè orí 4G, ni ìpè ń gbà lọ báyìí. Wò ó nínú Settings bóyá o lè tan VoLTE tàbí "4G calling". Tí fóònù ẹ ò bá ní in, WhatsApp á gbà ẹ́ fún ilé, ṣùgbọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù yẹn fún 911, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn, o, wá òmíràn.

Ìbéèrè: Dubai ńkọ́? Mẹ́séèjì WhatsApp ń lọ, ìpè ẹ̀ kọ̀.

Ìdáhùn: Ìjọba wọn ló dí i. Áàpù BOTIM wà lára èyí tí wọ́n gbà láyè, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nílé náà gbọ́dọ̀ gbé e sórí fóònù tiẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ó ti lé lọ́dún kan àbọ̀ tí mo ti wà ní Canada, mi ò lo síìmù Nàìjíríà mi rárá. Lánàá mo ní kí àbúrò mi pe nọ́ńbà yẹn, obìnrin kan tá ò mọ̀ rí ló gbé e. Ṣé wọ́n ti já mi ni?

Ìdáhùn: Wọn ò já ẹ, àbúrò mi, wọ́n ti tà á ni. Òfin NCC, àjọ tó ń darí àwọn nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní Nàìjíríà, ni pé tí nọ́ńbà bá lo 180 ọjọ́ láìsí ohun tó mówó wọlé lórí ẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lè tì í pa, tó bá tún lo 180 míì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíì. Obìnrin yẹn ra síìmù ẹ̀ ní tòótọ́, má bá a jà, má sì bẹ̀ ẹ́ kó máa ka kóòdù báńkì fún ẹ. Báńkì ni kó o kọ́kọ́ kọ̀wé sí lónìí, kí wọ́n yọ nọ́ńbà yẹn kúrò lórí àkáǹtì ẹ, kó o sì bi wọ́n bó o ṣe máa yí ti BVN. Lẹ́yìn náà kó o yọ ọ́ kúrò lórí Google àti Facebook, kó o gbé WhatsApp ẹ lọ sórí nọ́ńbà Canada kí obìnrin yẹn tó gbé tiẹ̀ wọlé, torí ọjọ́ tó bá gbé e ni tìẹ máa já.

Ẹ̀yin tí tiyín ṣì wà láàyè, ẹ má rò pé kóòdù tó ń wọlé tó o, ẹ ṣe ohun tó máa gé kírẹ́díìtì lórí ẹ̀. Èmi, lóṣù méjì méjì ni mo máa ń fi tèmi pe mọ́mì mi fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n, tí wọ́n bá ti rí nọ́ńbà yẹn, ohun tí wọ́n máa ń sọ kó tó di pé wọ́n dáhùn ìkíni mi ni "O tún ti ń jí síìmù ẹ."