Ẹnubodè Ò Tíì Kúrò: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Fóònù, Rédíò àti Ẹrù Nílẹ̀ EU

Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2017 ni ẹni tó ní síìmù orílẹ̀-èdè kan nínú EU (Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù) ti lè gbé e lọ sí òmíràn, kó máa pè, kó máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kó sì máa lo dátà ní iye tó ń san nílé. Wọ́n sì ti fi kún ọjọ́ òfin náà títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2032. Òfin gidi ni. Àmọ́ òun náà ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn: wọ́n gbà pé kò sí ẹnubodè mọ́, bẹ́ẹ̀ ìdí fóònù nìkan ló ti ṣí, kò tiẹ̀ ṣí tán.

Ẹ má ka ìpè sí òkèèrè sí rómíńgì

Ká ní síìmù Jámánì lẹ ní. Tẹ́ ẹ bá wà ní Róòmù tẹ́ ẹ pe Berlin, rómíńgì nìyẹn, inú ohun tẹ́ ẹ ń san lóṣù ló ti ń jẹ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jókòó sílé ní Berlin tẹ́ ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín ní Róòmù, ìpè sí òkèèrè ni, owó tiẹ̀ lè yàtọ̀. Láti ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2019, òfin ò gba iléeṣẹ́ fóònù láyè láti gbà ju sẹ́ǹtì 19 lọ lórí ìṣẹ́jú kan, tàbí sẹ́ǹtì 6 lórí àtẹ̀jíṣẹ́ kan, láìka VAT mọ́ ọn. Ó jọ owó kékeré, àfìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹbí bá gba ogójì ìṣẹ́jú: Yúrò 7.60 ti lọ kí VAT tó dé. Ààlà owó yìí ò kan láìnì tẹ́ ẹ fi orúkọ iléeṣẹ́ gbà, kò sì kan nọ́ńbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Swítsáláǹdì.

Swítsáláǹdì yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́. Nọ́wè, Áísílándì àti Liechtenstein kì í ṣe ara EU, síbẹ̀ wọ́n wà nínú òfin rómíńgì. Ukraine àti Moldova wọlé lọ́jọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026. Swítsáláǹdì tó wà láàárín gbùngbùn ò sí níbẹ̀. Ìlú Konstanz ní Jámánì àti Kreuzlingen ní Swítsáláǹdì fara kanra. Ẹni tó wà ní Konstanz tí ò gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀ rárá, fóònù rẹ̀ lè fò lọ mú òpó ti òdìkejì. Ẹ pa rómíńgì dátà kẹ́ ẹ tó dé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bákan náà ni ti ọkọ̀ ojú omi àti bàálù: sátẹ́láìtì ni wọ́n ń lò, òfin rómíńgì ò dé orí owó tiẹ̀. Lóòótọ́, ìdènà wà tó yẹ kó dá dátà dúró ní Yúrò 50, àmọ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìta EU ò bá ti jẹ́ kí iléeṣẹ́ yín rí ohun tẹ́ ẹ ń lò lójú ẹsẹ̀, ìdènà yẹn ò ṣiṣẹ́.

Ẹ má sì ra síìmù olówó pọ́ọ́kú ní orílẹ̀-èdè kan láti máa fi gbé òmíràn. Iléeṣẹ́ lè yẹ oṣù mẹ́rin wò. Tí òde bá pọ̀ ju ilé lọ, wọ́n á fún yín ní ọjọ́ 14, lẹ́yìn náà wọ́n lè máa bù owó lé e.

Ẹ má kó rédíò Amẹ́ríkà wọlé

Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tẹ́ ẹ bá rí "DECT 6.0" lábẹ́ fóònù ilé tí kò ní wáyà, ti Amẹ́ríkà ni, àárín 1920 sí 1930 MHz (òṣùwọ̀n ìgbì rédíò) ló ti ń sọ̀rọ̀. Ti Yúróòpù ń lo 1880 sí 1900. Ibi tí ti Amẹ́ríkà bọ́ sí jẹ́ ọ̀nà tí fóònù alágbèéká fi ń bá òpó sọ̀rọ̀, nítorí náà fóònù kan ṣoṣo nínú pálọ̀ yín lè da ìpè àdúgbò rú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń gbé ọkọ̀ tó ní áńténà jáde láti wá irú ẹ̀ kàn, wọ́n sì lè ní kí ẹni tó fa wàhálà sanwó.

Wọkí-tọkí náà rí bẹ́ẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ń lo 462 àti 467 MHz, tí wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní Yúróòpù. Èyí tí kò gba láísẹ́ńsì ni PMR446, láàárín 446.0 sí 446.2 MHz, agbára rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju 500 mW (mílíwáàtì) lọ. Áńténà rẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń yọ pààrọ̀. Àwọn rédíò ọwọ́ tó ń gba gbogbo ìgbì, tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ẹni tó ní ìwé àṣẹ rédíò àfiṣeré (amateur radio) ni; títà tí wọ́n ń tà á ò sọ ọ́ di èyí tẹ́ ẹ lè fi sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Ẹ má tiẹ̀ dán an wò.

Ẹrù àti lẹ́tà

Láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2021, kò sí ẹrù tẹ́ ẹ rà láti ìta EU tó kéré jù fún VAT; àǹfààní pé ẹrù tí kò ju Yúrò 22 lọ kì í san VAT ti parí. Àṣìṣe tó burú jù ni kéèyàn bẹ olùtajà pé kó kọ "ẹ̀bùn" sí i lára. Ẹ̀bùn tí wọ́n ń yọ̀ǹda ni èyí tí èèyàn fi ránṣẹ́ sí èèyàn láìgbowó, tí kò ju Yúrò 45 lọ. Tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá bá ìwé ìsanwó nínú páálí, irọ́ ti tú síta nìyẹn.

Ní ti lẹ́tà, Jámánì ti fa àkókò gùn láti oṣù kìíní ọdún 2025: ọjọ́ iṣẹ́ kẹta ni ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ dé. Ní Denmark, PostNord, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀, ti jáwọ́ nínú lẹ́tà pátápátá ní ìparí ọdún 2025. Ẹ má fi lẹ́tà lásán já àdéhùn fóònù nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì kí gbèdéke pé; ọjọ́ tó bá dé ọwọ́ iléeṣẹ́ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.