Bí Mo Ṣe Ṣírò Ọ̀nà Tí Epo Yóò Gbà Lórí Odò Ọya

Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún mi ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí n sọ ibi tí epo yóò gbà bí ọkọ̀ agbépo bá ṣubú sínú Odò Ọya láti orí afárá Jẹ́bà. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa, nítorí pé ìlú wa ni àwọn ọkọ̀ agbépo ń gbà kọjá lọ sí Ìlọrin àti Jẹ́bà.

Kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, èmi àti àbúrò mi lọ sí etí Odò Ọbà. A fi okùn wọn 20 mítà, a ju ọsàn kan àti ike omi òfìfo kan sódò lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì ń fi fóònù ka àkókò. Ọsàn náà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rì tán sínú omi, lo 50 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn 0.4 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti ike náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí ó fi há sínú koríko. Bàbá apẹja kan tí ó ń wò wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ọsàn ń bá omi lọ, ike ń bá afẹ́fẹ́ lọ."

Àárín àwọn méjèèjì ni epo wà. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé epo a máa bá ìṣàn ojú omi lọ pátápátá, a sì tún máa fi nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 eré afẹ́fẹ́ kún un, sí ibi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lọ. Mo fi eré odò sí 0.6 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó tó 52 kìlómítà lójúmọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọjọ́ tí epo yóò fi dé Lọ́kọ́jà. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í, nítorí pé n kò ka ti afẹ́fẹ́ mọ́ ọn.

Láti Jẹ́bà, gúúsù ìlà-oòrùn ni odò náà ń ṣàn sí jù lọ, bẹ́ẹ̀ gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ti ń wá, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń kọlu odò. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sá eré mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdá 3 nínú 100 rẹ̀ kò ju 0.12 mítà lọ. Síbẹ̀, epo tí ó wà ní 500 mítà sí etí odò yóò kan koríko láàárín nǹkan bí 70 ìṣẹ́jú, kí ó tó rìn ju kìlómítà méjì ààbọ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣírò.

Mo wá lo GNOME, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, ṣe, tí ó ń pín epo sí ọ̀pọ̀ ẹ̀kán tí olúkúlùkù ń rìn lọ́tọ̀. Nígbà òjò, ẹ̀gbẹ́ àríwá odò, níbi tí ìlú Bárò wà, ni púpọ̀ nínú wọn há sí. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá, wọ́n kọjá sí ẹ̀gbẹ́ gúúsù, níbi tí ìlú Pàtígì wà. Dísẹ́ẹ̀lì ni mo lò, nítorí pé pẹtiróòlù a tètè gbẹ dànù.

Àwòrán ilẹ̀ méjì ni mo fi jíṣẹ́, ọ̀kan fún òjò, ọ̀kan fún ọyẹ́. Ọ̀gá mi buwọ́ lù wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé bí ìdídò Jẹ́bà bá tú omi sílẹ̀, eré odò tí mo lò yóò yí padà.