Sísìn Ẹyẹ Budgie Nínú Ilé àti Bí A Ṣe Ń Mú Un Bímọ

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sìn budgie ló gbà pé bí akọ àti abo bá ti wà nínú àgò kan náà, kò ní pẹ́ tí ẹyin yóò fi dé. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Ọsirélíà ni ẹyẹ kékeré yìí, tó jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé ayékòótọ́, ti ṣẹ̀ wá, ihò inú igi ló sì ń yé sí níbẹ̀. Nígbà tí òjò bá rọ̀, tí koríko so irúgbìn, tí abo sì rí ihò tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ni ara rẹ̀ tó ń múra ẹyin sílẹ̀. Nínú ilé, àpótí ìtẹ́ tí a bá fi kọ́ àgò ló ń ṣe iṣẹ́ ihò yẹn, ìdí sì nìyí tí akọ àti abo fi lè jọ gbé pẹ́ títí láìyé ẹyin kankan bí kò bá sí àpótí lọ́dọ̀ wọn. Àpótí ló yẹ kó kẹ́yìn. Ohun tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn máa ń kánjú fò dá, ni a óò kọ́kọ́ yanjú.

Yíyan ẹyẹ

Láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo, ẹ wo awọ tó wà lókè àgógó, níbi tí ihò imú wà. Ti akọ tó ti dàgbà máa ń jẹ́ búlúù. Ti abo máa ń funfun tàbí kó jẹ́ búráùn, ó sì máa ń ṣú sí i, á tún rí gbágungbàgun, nígbà tí ara rẹ̀ bá ti ń fẹ́ yé. Àwọn ọmọ ẹyẹ ló ń tan èèyàn jẹ. Awọ imú akọ kékeré máa ń pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó sún mọ́ elésè àlùkò, àwọ̀ kan náà ló sì máa ń jẹ́ káàkiri, ṣùgbọ́n ti abo kékeré máa ń ní funfun tó yí ihò imú ká. Inú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, torí iná mànàmáná máa ń pa àwọ̀ náà dà. Ìlànà yìí kò bá àwọn tí ara wọn funfun pátápátá tàbí tó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè pátápátá lọ, nítorí pé awọ imú akọ tiwọn kì í di búlúù. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń wà títí.

Ọjọ́ orí náà hàn lójú. Ilà dúdú tó wà ní orí ọmọ budgie máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé ibi awọ imú, ẹyinjú rẹ̀ sì máa ń dúdú láìsí òrùka funfun kankan nínú rẹ̀. Nígbà tó bá pa ìyẹ́ dà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, iwájú orí rẹ̀ yóò mọ́, òrùka funfun yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹyẹ tí ọwọ́ yóò mọ́ lára, irú èyí tí ilà orí rẹ̀ kò tíì kúrò ni kó mú. Ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ó mọ́, ẹ sì tẹ́tí sí mímí rẹ̀: budgie tí ara rẹ̀ dá kì í mí kí a gbọ́. Bí ẹ bá ti ní ẹyẹ mìíràn nílé, ẹ fi èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí yàrá ọ̀tọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí ẹ tó dà wọ́n pọ̀.

Àgò àti ibi tí a gbé e sí

Budgie kì í fò lọ sókè ṣánṣán, ẹ̀gbẹ́ ni ó ń fò gbà, nítorí náà gígùn àgò ṣe pàtàkì ju gíga rẹ̀ lọ. Fún ẹyẹ méjì, àgò tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 75, tó fẹ̀ tó 45, tó sì ga tó 45 kò pọ̀ jù rárá, bó bá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sàn. Kí àlàfo àárín irin kan sí èkejì má ṣe kọjá sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀, kí orí ẹyẹ má bàa há síbẹ̀. Àgò róbótó tí wọ́n ń tà fún ẹwà kò dára, torí ẹyẹ kò rí igun kankan sá sí nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á. Àwọn igi tí ẹyẹ ń bà lé kò gbọ́dọ̀ nípọn bákan náà. Ẹ̀ka igi gidi, tó tóbi níbì kan tó sì tín-ín-rín níbòmíràn, ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sinmi.

Ẹ má ṣe gbé àgò sí ilé ìdáná. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, irú èyí tí wọ́n fi Teflon bò nínú, máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde bó bá gbóná kọjá ààlà. Èèyàn lè má mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ó lè pa gbogbo ẹyẹ tó wà nínú ilé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èéfín sìgá, tùràrí àti lọ́fínńdà tí a ń fọ́n sí afẹ́fẹ́ pẹ̀lú kò yẹ wọ́n. Ní alẹ́, budgie nílò nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá nínú òkùnkùn láìsí ariwo.

Oúnjẹ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ ti ń pàdánù ẹ̀mí wọn díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Jéró àti àwọn irúgbìn wẹ́wẹ́ mìíràn dára, ẹyẹ sì fẹ́ràn wọn gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀rá pọ̀ nínú wọn ju ohun tí ẹyẹ inú àgò lè lò lọ, wọn kò sì ní fítámì A, kálísíọ̀mù àti áyódì tó. Budgie tí kò rí áyódì máa ń ní gẹ̀gẹ̀ nínú ọ̀fun, á sì máa ké wíwí bó bá ń mí. Ẹ̀fọ́ tútù, kárọ́ọ̀tì tí a rín, àgbàdo tútù àti ápù tí a ti yọ kóró inú rẹ̀ ni kó máa tẹ̀ lé irúgbìn lójoojúmọ́, kí egungun ẹja cuttlefish sì wà lára àgò nígbà gbogbo fún kálísíọ̀mù. Bí ẹyẹ bá kọ ewé, ẹ fi omi wọ́n ọn kí ẹ sì so ó rọ̀ sókè àgò. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń wá fi ara nù ún bí ẹni tó ń wẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tọ́ ọ wò. Píà, ṣokoléètì, kọfí, ọtí àti àlùbọ́sà kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu wọn, píà ló sì burú jù nínú wọn.

Ẹ kíyè sí abọ́ irúgbìn dáadáa. Budgie máa ń bó irúgbìn, á jẹ èyí tó wà nínú, á sì fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀ lójú abọ́ náà. Lójú ẹni tó dúró sókèèrè, abọ́ kún dẹ́múdẹ́mú, bẹ́ẹ̀ èèpo lásán ló wà níbẹ̀, ẹyẹ sì ti ń pa ebi mọ́nú. Ní àràárọ̀, ẹ fẹ́ ẹ kí èèpo fò lọ, kí ẹ tó mọ iye tí ẹ óò fi kún un.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò bá yá

Ẹyẹ máa ń fi àìsàn pamọ́ títí tí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Bí ẹ bá ti rí i tó wú ìyẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tó jókòó sí ìsàlẹ̀ àgò, tí ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ti ń mí, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la kí ẹ tó pe dókítà ẹranko. Mo gba gbogbo ẹni tó ń sìn wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n ní òṣùwọ̀n kékeré tó lè ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bíi gíráàmù 30 sí 40 ni budgie ń wọ̀n, nítorí náà bó bá dín ní gíráàmù mẹ́rin, ọ̀ràn ńlá ni, ojú lásán kò sì ní rí i lábẹ́ ìyẹ́. Bí èérún funfun bá ń hù yí àgógó àti awọ imú ká, tó ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín ló wà níbẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ dókítà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àìsàn kan tún wà tí ń ràn láti ara ẹyẹ sí ara èèyàn, psittacosis ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń sìn ẹyẹ, tí ibà àti ikọ́ gbígbẹ bá mú un, kó má gbàgbé láti sọ fún dókítà rẹ̀ pé ẹyẹ wà nílé.

Àpótí ìtẹ́ àti ẹyin

Akọ àti abo gbọ́dọ̀ ti tó ọmọ ọdún kan, kí wọ́n má ṣe jẹ́ ọmọ ìyá, kí abo sì má tíì kọjá ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti máa jẹ ẹyin adìẹ sísè tí a lọ̀ pọ̀ mọ́ ewé, àti irúgbìn tí a rẹ sómi títí ó fi hù, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Kálísíọ̀mù tí abo kò kó sínú egungun rẹ̀ kí ó tó yé, kò ní rí i lò nígbà tó bá ń yé. Ohun tí a máa rí ni pé akọ ń pọ oúnjẹ sí i lẹ́nu, ó ń fi àgógó kan àgógó rẹ̀, abo náà sì ń gé gbogbo ohun onígi tó bá rí. Nígbà náà ni kí ẹ so àpótí mọ́ ìta àgò.

Kí inú àpótí fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó ga tó 20 sí 25, kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí márùn-ún, kí ìdérí rẹ̀ sì ṣeé ṣí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kòtò díẹ̀ láàárín, kí ẹyin má bàa yí kiri, kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ má sì yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà. Ẹ da èérún pákó tí kò ní oògùn lára sínú rẹ̀. Abo lè fọn gbogbo rẹ̀ síta lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwà wọn ni, ẹ má bá a jà.

Akọ kan àti abo kan nínú àgò kan ni mo fara mọ́. Níbi tí ọ̀pọ̀ wọn bá ti jọ wà, àwọn abo máa ń bá ara wọn jà nítorí àpótí, wọ́n sì máa ń pa ọmọ ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kó wọn pọ̀ síbẹ̀, kó fi àpótí méjì sílẹ̀ fún abo kọ̀ọ̀kan, kó gbé gbogbo rẹ̀ sí gíga kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí abo tí kò ní akọ má sì ṣe sí láàárín wọn.

Kí ẹyin àkọ́kọ́ tó dé, ìgbẹ́ abo máa ń tóbi, á sì máa rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ kan yóò máa wà láàárín ẹyin kan sí èkejì, títí wọn yóò fi pé mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ ọjọ́ tó yẹ kó pa. Abo nìkan ló ń sàba, fún nǹkan bí ọjọ́ méjìdínlógún, akọ ló sì ń gbé oúnjẹ wá fún un. Ní ọjọ́ keje, bí ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì kékeré tan ẹ̀yìn ẹyin nínú òkùnkùn, èyí tó ní ọmọ yóò fi iṣan pupa wẹ́wẹ́ hàn. Bí abo bá jókòó sílẹ̀ tó wú ìyẹ́, tí ikùn rẹ̀ le, tó sì ń tiraka láìrí ẹyin yé, ẹ gbé e síbi tó móoru tó ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ẹ sì sáré gbé e lọ bá dókítà. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀.

Àwọn ọmọ

Nítorí pé abo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sàba láti orí ẹyin àkọ́kọ́ tàbí èkejì, àwọn ọmọ kì í dé lọ́jọ́ kan. Èyí tó kọ́kọ́ pa lè fi ọjọ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá dàgbà ju àbúrò rẹ̀ tó kéré jù lọ, ìyẹn ni kò fi yẹ kí ẹ fi ọjọ́ kan kọjá láì yọjú sínú àpótí. Ọmọ tuntun máa ń wà níhòòhò, ojú rẹ̀ á sì dì. Awọ ọrùn rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé a máa ń rí oúnjẹ nínú àpò ọ̀fun rẹ̀ láti ìta: bó bá wú funfun, ìyá ń bọ́ ọ, bó bá pẹlẹbẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ sábẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n. Ẹ yẹ ìka ẹsẹ̀ àti inú àgógó wọn wò pẹ̀lú. Ìgbẹ́ tó gbẹ mọ́ ìka lè gé e dànù, nítorí náà ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ ẹ́ títí tí yóò fi rọ̀, ẹ má fi èékánná fà á.

Ojú wọn máa ń là ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ sí márùndínlógójì, wọn yóò jáde nínú àpótí, baba ni yóò sì máa bọ́ wọn títí wọn yóò fi mọ irúgbìn bó fúnra wọn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ kó wọn lọ sínú àgò mìíràn, torí ìyá tó bá ti ń múra ẹyin tuntun lè bẹ̀rẹ̀ sí í já ìyẹ́ wọn tàbí kó ṣe wọ́n léṣe.

Ní ti àwọ̀, ewé tó dàpọ̀ mọ́ ìyeyè ni budgie inú igbó máa ń jẹ́, irú rẹ̀ sì ni John Gould, onímọ̀ nípa ẹyẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1840. Ọwọ́ àwọn tó ń sìn wọ́n ni ọ̀pọ̀ àwọ̀ yòókù ti gbilẹ̀. Àwọ̀ ewé ló lágbára ju búlúù lọ, ṣùgbọ́n òbí méjì tó jẹ́ àwọ̀ ewé lè bí ọmọ búlúù bí àwọn méjèèjì bá gbé búlúù pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó wù mí jù ni ti akọ tó jẹ́ ìyeyè pátápátá, tó ní ojú pupa: bí ẹ bá fi í fún abo àwọ̀ ewé, gbogbo ọmọ tó bá jáde ní ìyeyè, abo ni, gbogbo èyí tó bá jáde ní àwọ̀ ewé, akọ ni.

Ìgbà méjì lọ́dún ti tó fún abo kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ àpótí kúrò, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a sóòrùn kó gbẹ kí ẹ tó gbé e pamọ́. Abo kan wà tí yóò ṣì máa yé sínú abọ́ oúnjẹ tàbí sí ìsàlẹ̀ àgò. Ẹ má ṣe kó ẹyin náà kúrò lójú ẹsẹ̀, torí pé yóò yé òmíràn dípò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sàba lé e títí yóò fi sú u, ẹ dín ẹyin adìẹ àti irúgbìn rírẹ kù, kí ẹ sì máa tètè bo àgò ní ìrọ̀lẹ́ kí ojúmọ́ rẹ̀ lè kúrú.