Bí mo ṣe fi wáyà gúnyán

Oníbàárà mi kan tó jẹ́ ọmọ Adó-Èkìtì, àmọ́ tó ń gbé Èkó, ló gbé iṣẹ́ yìí wá. Ó fẹ́ fọ́tò ńlá kan tí yóò gbé kọ́ sí pálọ̀. Ó ní kó jẹ́ ti Èkìtì, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ òkè, òun ò fẹ́ omi Ìkọ̀gọ̀sì, òun ò sì fẹ́ kábíyèsí kankan. Kí ló wá kù? Iyán ló kù. Bẹ́ẹ̀ fọ́tò ẹni tó ń gúnyán ti pọ̀ lórí Facebook ju iyán fúnra rẹ̀ lọ. Ni mo bá pinnu pé màá fi wáyà ṣe obìnrin méjì tó ń gúnyán, òjìji wọn lára ògiri ni màá sì yà.

Òjìji yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ń wo ère wáyà lójúkojú, wáyà tó lọ́ mọ́ra ló máa rí. Ṣùgbọ́n tí iná bá ti ibì kan ṣoṣo tàn sí i, gbogbo ìlọ́po yẹn á tẹ́ pẹrẹsẹ sára ògiri, á sì di ènìyàn. Nítorí náà, bí mo ṣe ń tẹ wáyà ni mo ń tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, ògiri ni mo sì ń wò.

Wáyà wo ni kéèyàn lò? Ilé wa kún fún wáyà. Èyí tí a ń sáṣọ sí wà níbẹ̀, tó máa ń fi ìpẹtà bu aṣọ funfun lábàwọ́n. A fi òmíràn de géètì. Àbúrò bàbá mi ní Ìlúpéjú ń fi wáyà kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà dẹ ọ̀yà, ìyẹn ò sì wúlò fún mi rárá: okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lọ́ pọ̀ níbẹ̀, béèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ó máa ń ta padà. Wáyà háńgà le jù. Mo wá mú méjì. Èkíní ni báídìn wáyà, èyí dúdú tí àwọn tó ń de irin ilé fi ń so irin pọ̀. Wọ́n ti fi iná rọ̀ ọ́ láti ilé iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀ kékeré ọwọ́ wọn fi lè yí i. Òun ni mo fi ṣe egungun àwọn obìnrin mi. Èkejì ni bàbà inú wáyà iná. Bọ̀ọ̀dá oníná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló fún mi ní èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn: èyí tí wọ́n ń pè ní 2.5, tí wọ́n ń fà lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, àti 1.5 tó tín-ín-rín díẹ̀, ti gílóòbù. Èyí tín-ín-rín yẹn dára fún gèlè àti ìró.

“Má jó o o,” ni wọ́n sọ fún mi. “Ọ̀bẹ ni kó o fi là á.” Òótọ́ ni. Èéfín rọ́bà ara wáyà iná máa ń ta ọ̀nà ọ̀fun, májèlé sì ni. Mo rí àwọn tó ń jó o kí wọ́n lè tètè rí bàbà tà, ó sì ń ya mí lẹ́nu pé wọ́n ń dúró tì í.

Kí n tó tẹ ohunkóhun, mo bẹ màmá mi pé kí àwọn àti àbúrò mi obìnrin gúnyán kí n máa wò wọ́n. Wọ́n ní, “Ìwọ ni wàá jẹ ẹ́ tán o.” Mo jókòó tì wọ́n pẹ̀lú bébà. Ohun tí n kò kíyè sí rí látìgbà tí mo ti ń jẹyán ni pé ọwọ́ kì í di ọmọ odó mú pinpin. Bó bá ti dé òkè, ọwọ́ á dẹ̀ díẹ̀, ọmọ odó á fi ìwúwo ara rẹ̀ já bọ́, ọwọ́ kàn ń bá a lọ sísàlẹ̀ ni. Gìgísẹ̀ á gbéra nílẹ̀, orúnkún á rọ̀. Tí ti màmá bá wà lókè, ti àbúrò mi wà nínú odó. Mo yàwòrán wọn sórí káàdìbọ́ọ̀dù ní ìlà kan ṣoṣo, láìgbé bírò, mo wá ń tẹ wáyà lé orí ìlà náà. Àárín àtẹ́lẹwọ́ àti ọmọ odó, mo fi àlàfo kékeré sílẹ̀. Lára ògiri, àlàfo yẹn ló mú kó dà bí ẹni pé ọmọ odó ń lọ.

Odó rọrùn: mo yí bàbà po mọ́ ara ife, mo sì fún un níbàdí. Ìka ọwọ́ ló lè sọni di aláìlẹ́sìn. Ẹ̀mú onímú tín-ín-rín ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì má tẹ bàbà kan náà síwá sẹ́yìn lemọ́lemọ́, torí ṣe ló máa ń le sí i títí á fi kán. Bó bá ti le, mo máa ń gbé e sórí iná gáàsì títí á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, màá wá jù ú sómi. Alágbẹ̀dẹ ń ki àdá gbígbóná bọ omi kó lè le. Bàbà kò rí bẹ́ẹ̀. Iná ló ń rọ̀ ọ́, omi kàn ń tù ú ni.

Bí mo ṣe ń ṣe é, ọkàn mi ń lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó kú lọ́dún 1938. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́ dé ibi ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1924, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ló sì wà di òní. Àwọn ère ara rẹ̀ yọ síta gan-an débi pé òjìji wọn ń ṣubú sára pákó lẹ́yìn wọn. Nínú fọ́tò ni mo ti rí i. N kò sọ pé mo tó ẹgbẹ́ Ọlọ́wẹ̀ o. Ní ti wáyà, Alexander Calder ti Amẹ́ríkà ti fi í ṣe ère oníjó kan tó ń jẹ́ Josephine Baker láàárín ọdún 1926 sí 1930, nítorí náà ọ̀nà tí mo tọ̀ kì í ṣe tuntun.

Alẹ́ ni mo ya fọ́tò náà. Wọ́n ti mú iná lọ, fún ìgbà kan inú mi dùn sí i, torí òkùnkùn ni mo ń wá. Ògiri mi rí gbágungbàgun, ó ń gé ìlà òjìji, ni mo bá lẹ káàdìbọ́ọ̀dù funfun mọ́ ọn. Mo gbé ère sí nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sí i. Iná fóònù kékeré ni mo lò. Ẹ má lo ríńgì láìtì: iná tó bá fẹ̀, òjìji rẹ̀ á ṣú bàìbàì ni. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì jìnnà, mo sì gbé e wálẹ̀ kí òjìji ọmọ odó lè gun òkè. Kámẹ́rà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, kó má baà di òjìji tirẹ̀ lára ògiri. Mo tì í sí f/11, ìyẹn ni pé mo sọ ojú lẹ́ńsì di kékeré, kí wáyà àti ògiri lè mọ́ pọ̀; mo fi ISO, ìyẹn bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára, sí 100, mo sì fi ọwọ́ yan ibi tó máa wò, torí bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ara rẹ̀, àárín wáyà ló máa gbà kọjá.

Àrà tó kẹ́yìn ló dùn mọ́ mi jù. Mo ṣí kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan. Mo tan tọ́ọ̀ṣì síbì kan fún èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà, mo fọwọ́ bò ó, mo gbé e lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, mo tún tàn án fìrí. Òjìji méjì ló jáde: ọ̀kan dúdú, èkejì bí èéfín lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ odó wá ń já bọ́ ní tòótọ́.

Mo fi fánísì aláìláwọ̀ kun báídìn wáyà kó má dípẹtà, mo sì fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Èkó. Oníbàárà mi pè mí, ó ní àwọn àlejò ń bi òun pé ta ló yà á. Ó ní òun fẹ́ ère náà pẹ̀lú. Mo ní rárá, ó ti di ti ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn, gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀: “Bọ̀ọ̀dá, ẹni tó ń ro àmàlà ńkọ́?” Mo ní kí wọ́n fi owó ìbẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́. Omorógùn rọrùn láti tẹ̀ ju ọmọ odó lọ, ṣùgbọ́n iye kan náà ni màá gbà.