Wi-Fi mesh tó ń já: ẹ yéé gbé node sí yàrá tí ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Wi-Fi mesh ni ráútà kan pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní node, tó ń gbé Wi-Fi ẹ̀ ká inú ilé. Tó bá ń já, ẹ kọ́kọ́ fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà tó ń gba dátà wọlé, kẹ́ ẹ yẹ spéèdì wò. Tó bá lọ́ra níbẹ̀ náà, mesh ò ṣẹ̀, ẹni tó ń ta dátà fún yín ni kẹ́ ẹ lọ bá. Tó bá ń sáré, inú ilé yín lẹjọ́ wà.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í ṣe nìyí. Yàrá ẹ̀yìn ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n á ra node, inú yàrá yẹn gan-an ni wọ́n á gbé e sí. Háà, node ò lè dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe o, ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu ráútà ló ń tún sọ, tí ò bá wá gbọ́ nǹkan kan ńkọ́? Àmì Wi-Fi á kún fọ́fọ́ lórí fóònù, fídíò ò ní lọ, torí node ni fóònù rí, kò mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ node fúnra ẹ̀.

Nílé àǹtí mi ní Súrúlérè, orí wọ́dúróòbù ni mo bá node, lẹ́yìn dígí ńlá, wọ́n tún fi ìborùn bò ó kí eruku má bàa wọ̀ ọ́! Dígí máa ń dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, ògiri búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 ń gbé 5GHz (ọ̀nà Wi-Fi tó yára) mì, dẹ́kìn tó kún fún irin tún burú jùyẹn lọ. Mo gbé e bọ́ sí kọ́rídọ̀, lórí àpótí ìjókòó ilé ìdáná, ó sì parí.

Bí èmi ṣe ń wá ibẹ̀ ni pé mo máa ń fi áàpù tó ń wọn Wi-Fi sórí Android (oníPhone, ẹ yá ti ẹlòmíì), mo máa rìn díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ráútà lọ sí yàrá tó ń yọni lẹ́nu, tójú mi wà lára dBm, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe lágbára tó; bó bá ṣe ń jìnnà sí 0 ló ń rẹ̀ ẹ́ sí i. -50 dáa gan-an, bó bá ti sún dé -65 mo dúró, ibẹ̀ ni node ń gbé. Ògiri kan ṣoṣo láàárín ráútà àti node, mi ò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá lè fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Cat6 láàárín àwọn node, kó fà á jàre, ó lè gùn tó mítà 100. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á ní Computer Village, ẹ fi réésọ̀ ha okùn inú ẹ̀ díẹ̀, tó bá funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà kùn ni, ẹ dá a padà.

Ẹ pa Wi-Fi ráútà àtijọ́ tẹ́ ẹ ń lò kẹ́ ẹ tó ra mesh (Wi-Fi ẹ̀ nìkan o, kì í ṣe ráútà fúnra ẹ̀), kó má máa bá mesh jà.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ tàbí tẹ́ ẹ bá yí sí jẹnẹrétọ̀ ló máa ń já, mini UPS (bátìrì kékeré tí kì í jẹ́ kí ráútà kú bí iná bá lọ) ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe node míì. Ráútà àti node kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ rà á fún o. Ẹ ka iye fóltì (V) ara ṣájà wọn dáadáa kẹ́ ẹ tó ki í bọ̀ ọ́, torí mo ti fi 12V jó ráútà oní-9V rí, èéfín ẹ̀ ò ju fííntín lọ, àmọ́ kò tún tàn mọ́.